Joshua Lionel Cowen: Ọ̀gá Ọkọ̀ Ojú Irin Ọmọdé

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí olóòtú ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan tí ó ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n tí ayé kò gbàgbé. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín yóò máa retí ìtàn ọba, tàbí ti olóyè, tàbí ti ọ̀kan nínú àwọn jagunjagun ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè lẹ́ẹ̀kan yìí. Jos ni wọ́n bí mi sí, Jos náà ni mo dàgbà sí. Ohun tí ó sì gbé àwọn òbí àti òbí àgbà púpọ̀ nínú wa gun orí òkè yìí ni ojú irin.

Ẹni tí ó bá mọ Terminus mọ̀ pé kì í ṣe ọjà ni ó fún ibẹ̀ lórúkọ. Ibẹ̀ ni ojú irin parí sí. Ní ọdún 1914 ni ojú irin tóóró tí wọ́n ń pè ní Bauchi Light Railway ti Zaria dé Bukuru nítorí tánńganran tí wọ́n ń wà nílẹ̀ níhìn-ín. Nígbà tí ó di ọdún 1927, ojú irin ńlá gba Kafanchan dé Jos. Ọdún 1957 ni wọ́n pa ti tóóró tì. Àwọn Yorùbá tí wọ́n jẹ́ akọ̀wé, káfíńtà àti òṣìṣẹ́ rélùwéè bá ọkọ̀ náà gòkè wá, àwọn oníṣòwò sì tẹ̀lé wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn bàbá wọ̀nyí, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ni ó jẹ́ kí n mọ orúkọ ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà kan ni ó fi páálí ńlá kan ta wọ́n lọ́rẹ nígbà tí ó ń padà sí ìlú rẹ̀. Inú páálí náà ni ọkọ̀ ojú irin ọmọdé kan wà, pẹ̀lú ojú irin rẹ̀, pọ́ìǹtì méjì, ilé ẹ̀ṣọ́ kékeré kan, àti àpótí dúdú wúwo kan tí iná ń gbà wọlé. Lára gbogbo wọn ni wọ́n kọ orúkọ kan sí: Lionel. Bàbá ránṣẹ́ pè mí nítorí wọ́n gbọ́ pé ẹ̀kọ́ nípa iná mànàmáná ni mò ń kọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ń bọ̀ wá ṣe Kérésìmesì lọ́dọ̀ wọn, àwọn ọmọ náà kò sì tíì rí ọkọ̀ ojú irin tí ń rìn rí. Bàbá fẹ́ fi irú iṣẹ́ tí àwọn fi gbogbo ayé àwọn ṣe hàn wọ́n. Ohun tí ojú mi rí nínú iṣẹ́ náà, n ó sọ ọ́ níwájú. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó ni orúkọ náà.

ÌBÍ ÀTI ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

Ọjọ́ 25, oṣù kẹjọ, ọdún 1877 ni wọ́n bí Joshua Lionel ní ìlú New York. Júù ni àwọn òbí rẹ̀, àtìpó sì ni wọ́n ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òun ni ìkẹjọ nínú ọmọ mẹ́sàn-án. Cohen ni orúkọ ìdílé wọn. Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 1910, tí òwò rẹ̀ ti ń gbòòrò, ó yí orúkọ náà padà sí Cowen. Àwa tí a dàgbà sí ẹ̀yìn odi mọ ohun tí ó lè mú kí ènìyàn ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. A mọ bí ó ṣe rí kí olùkọ́ dé orí orúkọ ẹni nínú ìwé kí ó dákẹ́, kí ó wò yíká kíláàsì, kí ó tó gé orúkọ náà sí méjì. N kò ní dá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí orúkọ ṣe ń ṣe: kì í ṣe Cohen, kì í sì í ṣe Cowen ni àwọn ọmọdé Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n sí. Lionel, orúkọ àárín tí àwọn òbí rẹ̀ fún un, ni ó gba ilé gbogbo ènìyàn.

Láti kékeré ni ọwọ́ rẹ̀ kò ti gbé ilẹ̀. Wọ́n sọ pé ọmọ ọdún méje ni ó wà nígbà tí ó fi igi gbẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan, tí ó sì gbé ẹ́ńjìnnì kékeré tí ń lo ooru omi gbígbóná lé e. Ẹ́ńjìnnì náà bú gbàù, ó sì ba ògiri ilé ìdáná jẹ́. Ọmọ mìíràn ì bá sá fún irú eré bẹ́ẹ̀ títí ayé.

Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Peter Cooper, níbi tí ó ti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ó dé City College ní New York, ó sì dé yunifásítì Columbia, ṣùgbọ́n kò parí. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe fi èyí kẹ́wọ́ o. Nígbà tí ó kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, kò jókòó lásán. Ó wọ iṣẹ́ lọ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ohun èlò iná, níbẹ̀ ni ó ti ń bá àwọn bátìrì àti wáyà ṣeré bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ ṣeré.

BÍ Ó ṢE DÁ ILÉ IṢẸ́ SÍLẸ̀

Ní ọdún 1899 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí olùdásílẹ̀ ohun tuntun. Ohun náà jẹ́ ẹ̀rọ tí ó ń fi bátìrì tan ẹ̀tù tí àwọn ayàwòrán ìgbà náà ń lò láti fi mọ́lẹ̀ yòò. Àwọn ọmọ ogun ojú omi gbọ́ nípa rẹ̀, wọ́n sì ní kí ó ṣe irú rẹ̀ fún bọ́ǹbù tí wọ́n ń rì sínú òkun. Wọ́n ní 24,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì rí 12,000 dọ́là níbẹ̀. Ìtàn kan náà wà tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn láti máa sọ, pé òun ni òun kọ́kọ́ ṣe iná tọ́ọ̀ṣì, tí òun fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, tí onítọ̀hún fi di olówó. Àwọn òpìtàn kò gba èyí gbọ́ tán. Oníṣòwò ni Cowen, ẹnu oníṣòwò a sì máa dùn.

Ní ọdún 1900, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Harry Grant, dá ilé iṣẹ́ Lionel sílẹ̀ ní New York. Wọ́n ní owó díẹ̀, wọ́n ní ọgbọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò ní ọjà kan pàtó tí wọ́n fẹ́ tà. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Cowen ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, ó ń wo àwọn ohun ìṣeré tí wọ́n tò sí ojú fèrèsé, ó sì rí i pé wọ́n kàn dúró gbagidi ni. Ó rò ó pé bí ohun kan bá ń rìn yíká nínú fèrèsé náà, àwọn ènìyàn yóò dúró wò. Ó lọ kan àpótí onígi kékeré kan tí kò ní ìbòrí, ó fi àgbá sí i lẹ́sẹ̀, ó fi mọ́tò kékeré sí abẹ́ rẹ̀, ó sì tẹ́ irin yíká. Bátìrì ni ó ń gbé e rìn, nítorí púpọ̀ nínú ilé àti ṣọ́ọ̀bù ìgbà náà ni kò tíì ní iná. Ó pe ọkọ̀ náà ní Electric Express. Ó tà á fún oníṣọ́ọ̀bù kan tí ń jẹ́ Ingersoll, kí ó máa fi polówó ọjà tirẹ̀.

Kò pẹ́ tí oníṣọ́ọ̀bù náà fi padà wá. Àwọn oníbàárà kò wo ọjà tí ó wà nínú ọkọ̀ náà rárá. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ rà. Cowen kò jiyàn. Ẹni tí ó ṣe àwo fún ọlọ́bẹ̀, tí àwọn ènìyàn wá fi ọbẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n ń ra àwo, bí ó bá gbọ́n, yóò yáa di alámọ̀kòkò. Ní ọdún 1902 ó ti ní ìwé àtẹ ọjà. Ní ọdún 1904 ó fẹ́ Cecelia Liberman, wọ́n sì bí Lawrence àti Isabel.

IRIN MẸ́TA

Ní ọdún 1906 ni ó ṣe ohun tí a fi ń dá ọkọ̀ rẹ̀ mọ̀ títí di òní. Irin méjì ni ọkọ̀ gidi ń tẹ̀. Cowen fi ẹ̀kẹta sí àárín. Láti inú irin àárín yìí ni iná ti ń wọ inú ọkọ̀, àwọn irin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni ó sì ń gbà padà. Àwọn tí ń fẹ́ kí ohun ìṣeré jọ ohun gidi kò fẹ́ràn irin àárín náà. Ṣùgbọ́n ó ní èrè ńlá. Bí irin bá jẹ́ méjì péré, tí ọ̀kan ń gbé iná wá tí èkejì ń gbé e padà, ní ọjọ́ tí ọmọdé bá tẹ́ ojú irin tí ó ṣẹ́rí padà kan ara rẹ̀, iná méjèèjì yóò pàdé, gbogbo rẹ̀ yóò sì kú. Pẹ̀lú irin mẹ́ta, bí ọmọ bá fẹ́, kí ó tẹ́ ojú irin bí ejò, kí ó yà á, kí ó yí i padà, ibi tí ó bá wù ú ni ọkọ̀ yóò gbà.

Ó pe ìwọ̀n fífẹ̀ ojú irin tirẹ̀ yìí ní Standard, ó sì fi òfin dáàbò bo orúkọ náà, tí àwọn mìíràn tí ń ṣe irú rẹ̀ fi ní láti wá orúkọ mìíràn. Ẹ rí i pé kì í ṣe ènìyàn jẹ́jẹ́ nídìí òwò. A máa bu ẹnu àtẹ́ lu ọjà àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìwé ìpolówó. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Ives, tí ó ṣáájú rẹ̀, wó ní ọdún 1928, ọwọ́ rẹ̀ ni ó bọ́ sí nígbẹ̀yìn. Ní ọdún 1915 ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ọkọ̀ tí ó kéré sí ti ìṣáájú, tí a ń pè ní O, èyí tí ó gba inú yàrá dáadáa. Irú rẹ̀ ni ó wà nínú páálí Bàbá.

Ohun mìíràn tí Cowen mọ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan ni bàbá ń ra ọkọ̀ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti ní ọkọ̀, yóò fẹ́ pọ́ìǹtì. Bí ó bá ní pọ́ìǹtì, yóò fẹ́ ibùdókọ̀. Lẹ́yìn èyí yóò fẹ́ afárá, àti iná ojú ọ̀nà, àti aago tí ń dún níbi tí títì ti dábùú irin. Ọdọọdún ni Lionel ń mú tuntun jáde. Èyí tí ó lókìkí jù lọ ni ẹ̀ṣọ́ kékeré tí ó jáde ní ọdún 1935. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, ìwúwo rẹ̀ yóò tẹ ohun kan tí a fi sí abẹ́ irin, iná yóò wọlé, ìlẹ̀kùn yóò ṣí, ẹ̀ṣọ́ náà yóò sì jáde pẹ̀lú àtùpà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá, yóò wọlé padà. Ní ọdún kan náà ni wọ́n ṣe fèrè tí ń dún nínú ọkọ̀. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni ó ń jẹ iná, ìdí nìyí tí òwò tiransifọ́mà fi di òwò ńlá fún Lionel.

Ọ̀RỌ̀ PỌ́ÌǸTÌ

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á padà sí ilé Bàbá. Ìṣòro àkọ́kọ́ kò le. Iná volt 120 ti Amẹ́ríkà ni àpótí dúdú náà ń fẹ́, volt 230 sì ni ti ilé wa. Míṣọ́nnárì náà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fi ẹ̀rọ tí ń dín iná kù sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Mo nu ojú irin, mo fi òróró díẹ̀ sí àgbá, mo tan iná. Ọkọ̀ náà gbéra. Inú Bàbá dùn. Ṣùgbọ́n bí ó ti dé orí pọ́ìǹtì ni ó yí dànù.

Inú pọ́ìǹtì kọ̀ọ̀kan ni wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wà, tí wọ́n wé ní ọ̀nà méjì. Irin kékeré kan wà tí ó lè rìn láàárín wọn. Bí iná bá gba wáyà ọ̀tún, wáyà náà yóò di òòfà, yóò sì fa irin náà sí ọ̀tún. Bí ó bá gba ti òsì, yóò fà á sí òsì. Irin kékeré yìí ni ó so mọ́ ojú irin tí ń yà. Ẹni tí ń ṣeré kàn ń fi ìka ti ọ̀pá kékeré kan lórí tábìlì ni, iná pupa tàbí àwọ̀ ewé yóò sì tàn láti sọ ibi tí ọ̀nà yà sí. Ìyẹn ni pọ́ìǹtì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 022, tí Lionel mú jáde ní ọdún 1938. Ó tún ní ọgbọ́n kan. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ láti ọ̀nà tí pọ́ìǹtì kò yà sí, àgbá ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò so iná pọ̀, tí pọ́ìǹtì yóò yí kí ọkọ̀ tó dé ibẹ̀, kí ó má bàa ṣubú.

Kí ló wá dé tí tiwa fi ṣubú? Mo tú pọ́ìǹtì náà palẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wáyà rẹ̀ kò já. Bí mo bá mú kí ọkọ̀ sáré, pọ́ìǹtì a yí pẹ́ú. Bí mo bá mú kí ó rọra lọ, pọ́ìǹtì a mì díẹ̀, a sì dúró sí agbede méjì, kò sí lọ́tùn-ún, kò sí lósì. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí awakọ̀ kan tí ó lórí pípé tí yóò sáré gba orí pọ́ìǹtì. Ojú tì mí, èmi tí wọ́n pè ní onímọ̀ iná.

Bàbá ni wọ́n rí ìdí rẹ̀, kì í ṣe èmi. Wọ́n béèrè ibi tí pọ́ìǹtì ti ń gba agbára rẹ̀. Mo ní láti ara ojú irin ni, ibi kan náà tí ọkọ̀ ti ń gba tirẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ní gbogbo ọdún tí àwọn fi ṣiṣẹ́, àwọn kò rí ibi tí ẹni tí ń yí pọ́ìǹtì ti ń dúró de agbára ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ ní agbára tirẹ̀, pọ́ìǹtì ní ọwọ́ tí ń fà á. Bí ọkọ̀ sáré, bí ó dúró, bí iná rẹ̀ kú, pọ́ìǹtì gbọ́dọ̀ lè yí.

Nígbà náà ni mo wò ó dáadáa. Iná ojú irin kì í dúró sójú kan. Bí a bá fẹ́ kí ọkọ̀ rọra, ńṣe ni a ń dín iná kù, pọ́ìǹtì tí ń jẹun nínú àwo kan náà á sì di aláìlágbára. Ihò kékeré kan wà ní ẹ̀gbẹ́ 022 tí mo ti ń fojú fò dá. Lionel ṣe ohun kan bí imú tí a ń kì bọ inú ihò náà. Bí a bá ti kì í bọ̀ ọ́, pọ́ìǹtì kò ní gba iná láti ara ojú irin mọ́. Wáyà kan yóò ti ara imú náà lọ tààrà sí ojú kan lára tiransifọ́mà tí iná rẹ̀ kì í lọ sókè sódò. Ìdí kan náà ni wọ́n fi ṣe tiransifọ́mà ńlá tí wọ́n pè ní ZW ní ọdún 1948, tí agbára rẹ̀ dé watt 275 nígbà tí ó yá. Ọ̀nà iná mẹ́rin ni ó ní. Ẹni tí ó ní i lè fi méjì wa ọkọ̀ méjì, kí ó fi ìkẹta fún àwọn pọ́ìǹtì, kí ó fi ìkẹrin tan iná ilé àti ti ojú ọ̀nà, kí ó wọn ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, kí ó má sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Imú ti Bàbá wà ní ìsàlẹ̀ páálí, wọ́n fi bébà wé e. Mo kì í bọ̀ ọ́. Pọ́ìǹtì yí pẹ́ú, bí ọkọ̀ tilẹ̀ dúró.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì ní orí òkè wa. Àwọn awakùsà tánńganran kò dúró de iná láti ibòmíràn. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ iná tiwọn, NESCO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1929, tí ó ń fi omi tí ń dà ní Kurra Falls ṣe iná.

ÌPỌ́NJÚ ÀTI ÒGO

Nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1929, ta ni yóò máa ra ọkọ̀ ìṣeré olówó ńlá? Gbèsè wọ Lionel lọ́rùn. Ní ọdún 1934 ilé ẹjọ́ fi àwọn alábòójútó lé ilé iṣẹ́ náà lórí. Ní ọdún náà ni wọ́n ṣe ohun ìṣeré kékeré kan tí kì í tilẹ̀ ṣe ọkọ̀ tiransifọ́mà. Mickey Mouse àti Minnie ni, tí wọ́n dúró lórí kẹ̀kẹ́ ojú irin tí wọ́n ń fi ọwọ́ tì. Dọ́là kan péré ni wọ́n ń tà á, ó sì ju 250,000 tí wọ́n tà. Wọ́n tún ṣe àwòkọ́ṣe ọkọ̀ tuntun kan tí ara rẹ̀ ń dán, tí ó ń sáré ní Amẹ́ríkà nígbà náà, òun náà sì tà púpọ̀. Nígbà tí ó fi di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1935, Lionel ti bọ́ nínú gbèsè. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti sọ pé eku kan ni ó gba ilé iṣẹ́ náà là. Kì í ṣe eku nìkan, ṣùgbọ́n ohun kékeré kò ṣe é fojú di.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi irin ṣe ohun ìṣeré. Lionel ń ṣe ohun èlò atọ́nà fún ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun. Kí àwọn ọmọdé má bàa gbàgbé wọn, wọ́n ta ọkọ̀ tí a fi páálí ṣe ní ọdún 1943, èyí tí àwọn bàbá fi ń ṣépè nítorí pé kò ṣe é tò.

Lẹ́yìn ogun ni òkìkí kàn. Lawrence ọmọ rẹ̀ di olórí ilé iṣẹ́ ní ọdún 1945, Cowen sì jẹ́ alága. Ní ọdún 1946 ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rú èéfín. Ní ọdún 1947 ọkọ̀ ẹlẹ́rù wàrà dé, tí ọkùnrin kékeré kan ń ti agolo wàrà jáde nínú rẹ̀ bí a bá ti tẹ bọ́tìnì. Ní ọdún 1949 wọ́n ṣe ọkọ̀ ẹlẹ́ran. Àwọn màlúù kéékèèké ń rìn jáde nínú rẹ̀ sínú ọgbà, wọ́n sì ń padà wọlé, nítorí pé iná ń mú kí pákó tí wọ́n dúró lé máa gbọ̀n rìrì. Àwọn tí ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọkọ̀ ojú irin kó màlúù láti òkè Ọya lọ sí Èkó láyé ọjọ́sí yóò fẹ́ràn rẹ̀. Ní ọdún 1953 owó ọjà tí wọ́n tà súnmọ́ mílíọ̀nù 33 dọ́là. Kò sí ilé iṣẹ́ ohun ìṣeré tí ó tóbi jù wọ́n lọ ní ayé.

ÌRỌ̀LẸ́ AYÉ RẸ̀

Ṣùgbọ́n ayé ń yí. Tẹlifíṣọ̀n wọ ilé. Àwọn ènìyàn ń wọ bàálù àti mọ́tò, ọkọ̀ ojú irin gidi pàápàá ń pàdánù èrò. Ọmọ tí kò wọ ọkọ̀ ojú irin rí kò ní sunkún pé kí wọ́n ra ti ìṣeré fún òun. Lionel gbìyànjú láti ta kámẹ́rà àti ohun èlò ìpẹja, kò jọ ti àtijọ́. Ní ọdún 1957 wọ́n ṣe ọkọ̀ aláwọ̀ òdòdó fún àwọn ọmọbìnrin. Àwọn ọmọbìnrin kò rà á. Irú èyí tí ọmọkùnrin ní ni àwọn náà fẹ́, dúdú, tí ó jọ ti gidi. Ẹ rántí pé ọkùnrin yìí ni ó gbọ́ ohùn oníbàárà ní ọdún 1900, tí ó sì tipa bẹ́ẹ̀ dolówó.

Ní ọdún 1959 Cowen, tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, ta ìpín tirẹ̀. Àwọn tí Roy Cohn, ìbátan rẹ̀ kan, ṣáájú ni wọ́n rà á. Báyìí ni àkóso ṣe bọ́ lọ́wọ́ Lawrence. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Lionel ti ń polówó pé ọkọ̀ ìṣeré ni yóò so bàbá àti ọmọ pọ̀. Ẹni tí ó kọ́ ayé ní èyí kò lè fi ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ọmọ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1965, Joshua Lionel Cowen kú ní Palm Beach, ní ìpínlẹ̀ Florida. Ẹni ọdún 88 ni. Ní ọdún 1967 ilé iṣẹ́ náà wọ gbèsè. Àwọn mìíràn gba iṣẹ́ ọkọ̀ ṣíṣe náà ní ọdún 1969, orúkọ Lionel kò sì parẹ́.

Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní ni pé kí á fetí sílẹ̀. Ohun tí a ṣe láti fi polówó ọjà ẹlòmíràn lè jẹ́ ọjà tiwa gan-an. Èkejì ni pé kí á má ṣe dẹ́kun àti máa fetí sílẹ̀ nígbà tí a bá ti di ńlá.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí Bàbá kọ́ mi, mo sì rò pé òun ni ó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní ìlú yìí jù lọ. Ohun tí ń gbé wa sáré pọ̀: ìdánwò, owó, ẹgbẹ́, ìròyìn ìlú òkèèrè. Nígbà mìíràn iná rẹ̀ a pọ̀, nígbà mìíràn a kéré. Ṣùgbọ́n ìwà wa, èdè wa, àti ohun tí a kọ́ nílé, tí ó ń sọ ọ̀nà tí ó yẹ kí á yà sí, kò gbọdọ̀ máa jẹun nínú àwo kan náà. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí nǹkan ń sáré fún wa nìkan ni a lè yà síbi tí ó tọ́, ọjọ́ tí nǹkan bá rọra ni a ó dúró sí agbede méjì, tí a ó sì ṣubú.

Nígbà Kérésìmesì, àwọn ọmọ-ọmọ Bàbá jókòó yí tábìlì ká. Ọkọ̀ náà rọra wá, pọ́ìǹtì yí, ẹ̀ṣọ́ kékeré jáde pẹ̀lú àtùpà rẹ̀. Èyí tí ó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà béèrè lọ́wọ́ Bàbá bóyá àwọn ni ẹ̀ṣọ́ yẹn. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìtàn bí wọ́n ṣe gun òkè wá sí Jos fún wọn, ní èdè Yorùbá.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ tí ń yà wá sí ọ̀nà má ṣe rẹ̀ o.